Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kí Ẹlikópítà Ìdóòlà Tó Dé Ọ̀dọ̀ Yín Lórí Òkè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òkè gíga gbà pé bí nǹkan bá yíwọ́, ẹlikópítà á kàn wá gbé àwọn ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù lọ gan-an ni agbára rẹ̀ ti máa ń dín kù jù lọ.

Afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ orí ẹlikópítà ń tì sísàlẹ̀ kó tó lè gbéra. Béèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní nǹkan bíi 5,500 mítà, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan ò ju ìdajì ti etí òkun lọ. Abẹ̀bẹ̀ ò ní rí èyí tó pọ̀ tó tì, ẹ́ńjìnnì náà ò ní rí èyí tó máa fi jó epo bó ṣe yẹ. Ooru tún ń dá kún un: bí ooru bá tó dígíríì 20 ní 3,000 mítà, ṣe ni ọkọ̀ náà á máa ṣe bíi pé ó wà ní nǹkan bíi 3,900 mítà. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi fẹ́ràn àárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù ṣì mú.

Fífò lọ síwájú kọ́ ló le jù, rírábàbà sójú kan ni. Bí ọkọ̀ bá wà nítòsí ilẹ̀ títẹ́jú, ilẹ̀ máa ń gbè é. Bó bá ti fi ju fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ jìnnà sílẹ̀, tàbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àpáta, ìrànwọ́ yẹn ti tán. Torí náà, awakọ̀ lè balẹ̀ síbi títẹ́jú kan láìsí ìyọnu, kó má sì lè rábàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó wà ní gíga kan náà. Lóòótọ́, Didier Delsalle, awakọ̀ ẹlikópítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ọkọ̀ rẹ̀ balẹ̀ sí ṣóńṣó Everest, òkè tó ga jù lọ láyé, ní May 14, 2005, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Madan Khatri Chhetri, ọmọ ogun Nepal, lọ gbé èèyàn méjì ní nǹkan bíi 6,000 mítà lórí òkè yẹn kan náà lọ́dún 1996, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé, ó sì ní láti padà wá gbé ìkejì.

Atẹ́gùn tún ni ọ̀tá míì. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí atẹ́gùn ń kọlù máa ń gbé ọkọ̀ sókè, àmọ́ ní ẹ̀yìn òkè, ṣe ni atẹ́gùn ń ya lulẹ̀. Bó bá ya lulẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó kù lára ẹ́ńjìnnì, kò sọ́gbọ́n tí awakọ̀ lè dá. Lórí Mount Hood ní Amẹ́ríkà, ní May 30, 2002, ẹlikópítà ológun kan já lulẹ̀ níbi tó ti ń rábàbà láti gbé àwọn tó fara pa, ó sì yí gbirigbiri lórí yìnyín. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ yè é.

Bí kò bá ṣeé balẹ̀, okùn gígùn tó so rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń lò. Ní April 2010, okùn ni wọ́n fi gbé èèyàn mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkè Annapurna ní Nepal, ní nǹkan bíi 6,900 mítà. Ewu tó burú jù níbẹ̀ ni kí èèyàn so mọ́ òkè kó tún so mọ́ ọkọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tomaž Humar, ọmọ Slovenia tó máa ń gun òkè, nìyẹn lórí òkè Nanga Parbat ní Pakistan lọ́dún 2005: ẹlikópítà ti ń fà á lọ, ìdè rẹ̀ ṣì wà lára irin tí wọ́n lọ́ wọ inú yìnyín. Bí kì í bá ṣe pé ìdè náà já, bóyá ni ọkọ̀ náà ì bá bọ́. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀bẹ sítòsí, ṣùgbọ́n ẹ má tú ìdè yín títí adóòlà á fi sọ pé ó yá. Bí ìkọ́ orí okùn náà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, torí iná mànàmáná tó ti kó jọ sára ọkọ̀ lè gbé yín. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ohunkóhun tó dúró sójú kan lórí òkè.

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ di gbogbo ohun tí atẹ́gùn lè gbé mọ́lẹ̀: fìlà, aṣọ ìsùn, ọ̀rá. Ọ̀kan nínú wọn tó bá wọ abẹ̀bẹ̀ ìrù ti tó. Ẹ nawọ́ méjèèjì sókè bíi lẹ́tà Y bí ẹ bá nílò ìrànwọ́. Ọwọ́ kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ má sún. Nígbà tí yìnyín bá ru bo gbogbo ojú, ẹ̀yin lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí awakọ̀ ń rí tó fi mọ̀ pé òun ò rìn. Bó bá balẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá, níbi tí awakọ̀ ti ń rí yín. Lápá òkè, abẹ̀bẹ̀ lè gba ọrùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ sọ iye yín, bí ẹ ṣe wúwo tó, ìbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti bóyá wáyà wà nítòsí. Bí ọkọ̀ bá sì yí po tó padà, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó lọ já àwọn èèyàn àtàwọn ẹrù kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ wọ aṣọ ooru fẹ́ni tó fara pa, kẹ́ ẹ sì mú ohun tó ní àwọ̀ pupa tàbí dúdú dè mọ́ ibẹ̀, kó lè tètè rí yín tó bá padà dé.