Ìpìlẹ̀ títì ni kí a kọ́kọ́ bèèrè

Àwọn ará Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń bi mí pé àǹfààní wo ni òpópónà ńlá tí wọ́n fẹ́ là láti Abidjan dé Èkó yóò ṣe fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé etí òkun ni yóò gbà. Kìlómítà 1,028 ni òpópónà náà, yóò gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá, ọdún 2014 ni wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Èrò tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ títì ni pé ọwọ́ ọ̀nà tó so Kétu mọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni àǹfààní náà wà, nítorí ọkọ̀ tó bá há sọ́nà kò lè dé òpópónà kankan, bó ti wù kó fẹ̀ tó.

Ẹ wo ilẹ̀ tó wà láàárín Pọbẹ̀ àti Kétu lórí ọ̀nà yìí. Ó rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, amọ̀ dúdú ló sì kún un, irú èyí tó wà ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Lama. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ yìí á mu omi, á wú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sún kì, á sì sán. Ọ̀dà tí a bá tẹ́ sórí rẹ̀ yóò máa bá a gòkè sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi fọ́, omi yóò sì gba ojú ibẹ̀ wọ ìpìlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé abẹ́ títì ló yẹ kí owó lọ: kí a wa amọ̀ náà kúrò, kí a kó ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí a gbé títì ga, kí a sì ṣe ojú omi, ìyẹn ihò tí omi yóò máa gbà kọjá, sí abẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo tí àgbàrá ń gbà. Títì gíga tí kò ní ojú omi tó yóò sé omi mọ́ oko àti ilé àwọn èèyàn. Àwọn àgbà abúlé mọ ibi tí omi ń gbà, ó sì máa ń dùn mí tí a kò bá bi wọ́n.

Ẹrù àpọ̀jù náà ń ba títì jẹ́. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ìwúwo tó wà lórí ìdè táyà ọkọ̀ (irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ fún títì lè tó ìlọ́po 16. Òfin UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àti owó àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 2005 dá ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù dúró síbì kan. Kí wọ́n máa wọn ọkọ̀ lójoojúmọ́ ló kù.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kò sì tó. Títì tó ti Kútọnù lọ sí Pàrákú gba Ṣábẹ, orí rẹ̀ ni ẹrù orílẹ̀-èdè Niger máa ń gbà láti èbúté kí wọ́n tó ti ẹnubodè lọ́dún 2023. Bí afárá kan bá wó lórí rẹ̀, ibo ni ọjà yóò gbà? Mo fẹ́ kí ọ̀nà Kétu sí Ṣábẹ di ojúlówó títì nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá pe ìpàdé, ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún kíkó iyanrìn àti ìdọ̀tí kúrò nínú àwọn ojú omi náà, kí wọ́n sì fi hàn yín nínú ìwé iṣẹ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.