Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Àtijọ́ ní Zaria

Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Zaria jẹ́ ilé ìjọ́sìn alámọ̀ tó wà lágbègbè ààfin ẹ́míà Zazzau, nínú ìlú olódi Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Babban Gwani Mikaila ló mọ ọ́n láyé Ẹ́míà Abdulkarim, tí ìjọba rẹ̀ parí ní 1846. Oyè ni "babban gwani". Ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọnà ló túmọ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n

Ilé alámọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, amọ̀ tútù ni a fi ń mọ ọ́n, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì. Tubali ni ti Hausa: amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko, tí wọ́n ṣù kí ìdí rẹ̀ tóbi kí orí rẹ̀ ṣonṣo, tí wọ́n sì sá gbẹ. Wọ́n á tò ó sínú amọ̀ tútù, ṣóńṣó rẹ̀ á kọjú sókè, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e lè gbá a mú. Ògiri nípọn nísàlẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń ga.

Òrùlé ni iṣẹ́ gidi. Azara ni wọ́n fi ń gbé e, ìyẹn pákó igi agbọn olódù, tí ikán kì í tètè jẹ. Ṣùgbọ́n azara kan kì í sábà gùn ju nǹkan bíi mítà 2 lọ, gbọ̀ngàn ìkírun sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mọlémọlé á ri ìdí azara mélòó kan mọ́ ògiri, á jẹ́ kí orí wọn yọ síta. Èyí tó wà lókè á yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, títí ti ọ̀tún àti ti òsì á fi pàdé láàárín. Wọ́n á dì wọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò wọ́n. Bakan gizo ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí Hausa ń pe òṣùmàrè. Ohun tí àlejò rò pé ọnà lásán ni, egungun ilé náà ni. Bí ìdí azara kò bá wọ ògiri dáadáa, tí ẹrù òkè kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á dorí kodò.

Makuba, omi èèpo èso igi irú, ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ ìrẹ́lé kí òjò má tètè wọ̀ ọ́. Zanko, ṣóńṣó orí òrùlé, wà fún ẹwà.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Omi ni. Bí indararo, ọ̀pá tó ń da omi òrùlé síta, bá dí, amọ̀ á mumi, á wúwo, azara á sì jẹrà níbi tí ojú kò tó. Ìlà lára ẹsẹ̀ bakan gizo sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Sìmẹ́ǹtì kì í bá amọ̀ rẹ́: ó ń sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ògún 2023, nígbà ìrun Alásàrí, apá kan mọ́ṣáláṣí náà wó, ó kéré tán ènìyàn 7 sì kú.

Àbẹ̀wò

Láti Abuja, ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti Idu sí Rigasa ní Kaduna. Zaria tó nǹkan bíi kìlómítà 80 síwájú. Láti Sabon Gari, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, a máa ń gba Tudun Wada wọ ìlú olódi. Kí àlejò kọ́kọ́ gbàṣẹ ní ààfin, kó yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òrùlé yìí dáadáa lè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwòkọ mọ́ṣáláṣí náà ní àwọn ọdún 1970, lábẹ́ àbójútó ayàwòrán-ilé ará Poland, Zbigniew Dmochowski.