Àríyànjiyàn lórí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní Òṣogbo

Àríyànjiyàn lórí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní Òṣogbo ni awuyewuye láàárín àwọn olóṣèlú, oníṣòwò àti ará ìlú ní olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nípa ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe sí ẹni tó wọ Nàìjíríà láìgbàṣẹ, tàbí tó gbàṣẹ wọlé ṣùgbọ́n tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá wí ni ará Nìjẹ̀r, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Láìpẹ́ yìí ni ti awakùsà láti Ṣáínà kún un.

Òfin

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Òṣogbo kò lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìwọlé-wọ̀de àti ìwé ìrìnnà sáàárín ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Òfin tí wọ́n ń lò báyìí jáde ní 2015 láti rọ́pò ti 1963, ó sì sọ fífi ènìyàn ṣe fàyàwọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, olóṣèlú ìpínlẹ̀ tó bá ń ṣèlérí níbi ìpolongo pé òun yóò lé àjèjì lọ, ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ló ń ṣèlérí. Amọ̀tẹ́kùn pàápàá, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020, kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò ní orílẹ̀-èdè.

Ìlànà ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n buwọ́ lù ní Dakar ní oṣù Karùn-ún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọlé láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ẹni tó gba ojú ọ̀nà wọlé, tí ó fi ìwé hàn lẹ́nubodè, lè di arúfin láàárọ̀ ọjọ́ 91 láìṣe ju pé ó jókòó lọ.

Ta ni àjèjì?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907, àwọn oníṣòwò Hausa sì wà lára àwọn tí òwò fà wá. Sábó ni àdúgbò wọn. Mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlánke tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì omi sí lè jẹ́ ọmọ Kàtsínà, ó sì lè jẹ́ ọmọ Màràdí ní Nìjẹ̀r: èdè kan náà, ìmúra kan náà, àtẹ́lẹwọ́ tó ti yi bákan náà. Òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n tó bá dá a dúró yóò béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gan-an kò tíì ní.

Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Èkó dá ọkọ̀ àjàgbé kan dúró tó kó ọkùnrin 123 àti ọ̀kadà 48 láti Jìgáwá. Ariwo ta pé àjèjì ni wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, abala 41 ìwé òfin sì fún wọn láṣẹ láti lọ síbi tó bá wù wọ́n.

Ti ọmọ Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tún yàtọ̀. Bí ó bá ń ṣe bíríkìlà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, Yorùbá ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ti pín ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sí òdìkejì. Àwọn tó ń pariwo lórí àjèjì kì í sábà rántí òun.

Ìrántí Gánà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló kó ẹrù wálé, títí kan àwọn ará Ìnìsà tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Àwọn kan fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shehu Shagari ṣe irú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, àwọn ará Gánà bíi mílíọ̀nù kan sì wà lára àwọn tí wọ́n lé. Àwọn kan pè é ní ẹ̀san, ṣùgbọ́n owó epo tó wálẹ̀ àti ìbò tó kù sí dẹ̀dẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ju ẹ̀san lọ. Ìjọba Muhammadu Buhari tún lé àjèjì ní 1985. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí àwọn tó ń lọ fi kó ẹrù ni a ń pè ní Gánà-mọ́ọ̀sì-gò títí di òní.

Àwọn èrò

Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba le mọ́ ọn ń tọ́ka sí ìjínigbé, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa forúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀ àti onílé. Àwọn oníṣòwò ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ará Ẹjìgbò tó wà ní Abidjan yóò jìyà rẹ̀ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fún aláìníwèé láyè láti forúkọ sílẹ̀. Buhari gbìyànjú èyí ní oṣù Keje 2019, ó fún wọn ní oṣù mẹ́fà láìsan owó ìtanràn.

Ti awakùsà ló ń bí ará Òṣogbo nínú jù, nítorí omi Ọ̀ṣun tó di pupa bí ẹrẹ̀ dé inú igbó òrìṣà tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ará Ṣáínà wà lára àwọn tí wọ́n mú lórí ìwakùsà láìgbàṣẹ ní ìpínlẹ̀ náà ní 2020, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ náà ń wa góòlù, àjèjì kò sì lè dé ìdí rẹ̀ láìsí ẹni tó fi ilẹ̀ hàn án.

Nìjẹ̀r, Màlì àti Bùrkínà Fásò kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2025. Àjọ náà ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí tí ìpinnu mìíràn yóò fi wáyé.