Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kì í ṣe igi ojúbọ

Kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tún tó jáde láàrin àwa Yorùbá tí a ń gbé Àbújá. Ẹnìkan á lọ sílé, á yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ kan ní Èkìtì tàbí Ìbàdàn, á rí ọba tó dé adé ìlẹ̀kẹ̀, á rí ológun lórí ẹṣin, á rí ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra, gbogbo rẹ̀ lára igi. Bó bá ti padà dé Kubwa ní Àbújá níbí, ohun tí yóò máa sọ ni pé òrìṣà ni àwọn Fadá kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ojúbọ àwọn baba wa ni wọ́n tú, tí wọ́n sì kó igi rẹ̀ wọlé.

Bóyá àwọn Àgùdà ń bọ ère tàbí wọn kò bọ ọ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 6 sọ pé Sólómọ́nì ṣe kérúbù méjì sínú tẹ́mpìlì. Ẹ lọ kà á. Èyí tó ń bí mi nínú ni ti “wọ́n kó o láti ojúbọ.”

Iṣẹ́ tuntun tí àwọn Fadá bẹ àwọn agbẹ́gilére ni. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony, ọmọ ẹgbẹ́ SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà fún Áfíríkà, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Agbẹ́gilére tó di ọ̀gá níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Areogun ará Òsì. Ọ̀ṣámúkọ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Areogun, ló sì kọ́ Bándélé. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Òsì wà lónìí, abẹ́ Àríwá ni ìjọba amúnisìn sì fi í sí, nítorí náà kí àwa ará Àríwá má ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ yìí bíi pé kò kàn wá. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, ti wá kọ́ṣẹ́ sí i. Mùsùlùmí ni Lámídì. Òun ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà sí Ifẹ̀ ní 1987. Aránṣọ tó rán agbádá fún Lèmọ́mù lè rán aṣọ oyè fún Fadá, abẹ́rẹ́ kan náà ni.

Wọ́n á ní, “Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ ti òrìṣà.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ ọ́. Orí ńlá, ẹyinjú tó yọ síta, ara tó dúró ṣánṣán: bí àwọn ará Òsì àti Ìlá ṣe ń gbẹ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn. Tí o bá ní kí Bándélé gbẹ́ àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù, irú ọba wo ló fẹ́ gbẹ́ bí kì í bá ṣe èyí tó mọ̀? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé wà lára rẹ̀, tòun ti ojú ńlá kan náà. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ṣé ẹnìkan máa sọ pé àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń bọ òyìnbó yẹn? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére wa ló jẹ́ ti ààfin àti ti ilé ọlọ́lá, fún ẹwà àti fún ìyì, láìsí ẹbọ níbẹ̀ rárá.

N kò sọ pé kò sí ẹnìkan láàrin ìjọ tó ń fi ọwọ́ kan ère pẹ̀lú èrò mìíràn lọ́kàn. N kò lè búra fún ọkàn ẹlòmíràn. Ó sì ṣeé ṣe kí igi ojúbọ àtijọ́ gan-an wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ojúbọ tó ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo “òrìṣà” yìí mú yín fi ọ̀dà bo ìlẹ̀kùn gbígbẹ́, tàbí kí ẹ yọ ọ́ jù sẹ́yìn ilé fún ikán, kí ẹ wá fi irin rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ìjọ léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ọdún tó gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ.