Abẹ́ Ilẹ̀ Ni Íntánẹ́ẹ̀tì Ń Gbà Wọ Abúlé

“Wáyà iná ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba ilẹ̀ wá, òkè ló ti ń bọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, lábúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ìjàyè. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti gbé ṣọ́bìrì àti dígà dé láti àárọ̀, wọ́n ń gbẹ́ kòtò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n sì ń tẹ́ páìpù rọ́bà aláwọ̀ ọsàn sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní fáíbà ni, okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Bàbá nawọ́ sí òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé: “Ṣebí ẹ rí àwo tó wà lára rẹ̀? Sátẹ́láìtì ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, kí wọ́n wá ri òpó kejì.”

Mi ò lè bá Bàbá jiyàn lójú àwùjọ, n kò sì rí wọn fín. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn tó kàwé yanjú ní Bódìjà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá kan tó ń ta fóònù ní Ìwó Road, èmi fúnra mi sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bi ẹni tó mọ̀.

Èrò yẹn kò ṣàdédé wá. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, áńtẹ́nà la sì fi ń gbà á. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí èèyàn bá gun Láyípo ní Òkè Àrẹ́, àárín àwọn páànù tó ti dípẹtà yẹn ni yóò ti rí irin áńtẹ́nà tó dúró ṣánṣán lórí igi ọparun. Bí àwòrán bá ń ṣe yẹ̀rìyẹ̀rì, ọmọ kan á jáde lọ yí ọparun, ẹnìkan á dúró lójú fèrèsé: “Ó ti dáa! Rárá, dá a padà! Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!” Lẹ́yìn náà ni àwo DSTV dé orí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni fóònù tí kò ní wáyà dé. Lọ́dún 2007, ìjọba tún kéde pé a ti ní sátẹ́láìtì tiwa, NigComSat-1, tí wọ́n yìn sójú ọ̀run láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹni tí gbogbo èyí bá ṣojú rẹ̀, kí ló tún kù tí kò ní sọ pé òkè ni ohun gbogbo ti ń wá?

Àmọ́ o, ìran tó ṣáájú Bàbá mọ nǹkan mìíràn. Wáyà ló gbé rédíò wọ ilé wọn. Láti ọdún 1939 ni wọ́n ti ń fa wáyà rédíò láti ilé dé ilé nígboro Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni, wọ́n á fi kọ́ ara ògiri, kò ní áńtẹ́nà, ibùdó kan ṣoṣo ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí igi bá wó lu wáyà, àdúgbò á dákẹ́. Fáíbà tí wọ́n ń tẹ́ lónìí, ọmọ ìyá asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé èyí ń gbèsì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òpó tí Bàbá nawọ́ sí, nítorí ara rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí wà. Nǹkan oríṣi méjì ló sábà máa ń wà lórí irú òpó bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn pátákó gígùn tóóró tó dúró lóòró. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń bá fóònù ọwọ́ wa sọ̀rọ̀. Èkejì ni àwo rìbìtì funfun tó dà bí ìlù. Ẹ wo ojú àwo yẹn dáadáa. Àwo DSTV tó wà lórí òrùlé yín ń wo òkè, lápá ìlà-oòrùn, bí ẹni tó ń retí òjò. Àwo tara òpó kò wo òkè rárá. Iwájú ló ń wò tààrà, bí ẹni tó dúró lójúde tó ń wo ilé kejì. Òpó mìíràn ló kọjú sí, bóyá ti Mọ́níyà. Ìyẹn náà kọjú sí òmíràn, títí wọ́n á fi kan òpó tí fáíbà ti inú ilẹ̀ yọ sí nídìí. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pọnmi.

Ẹ lè fojú inú wo àwọn èèyàn tó tò láti etí odò dé ilé, tí wọ́n ń gba korobá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó wà létí odò mu yó. Bí omi bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn, àwọn tó wà láàárín ti bù níbẹ̀, torí abúlé tiwọn náà wà níbẹ̀, fóònù sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí ló fà á tí fóònù fi máa ń fi ìlà nẹ́tíwọ̀kì kíkún hàn lábúlé, tí fídíò ìṣẹ́jú méjì sì máa yí bírí títí ọbẹ̀ á fi jinná. Ìlà yẹn kàn ń sọ bí òpó ṣe sún mọ́ ọ tó ni. Kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà tó wà lẹ́yìn òpó. Ara Ìbàdàn ló yẹ kí èyí tètè yé: ẹ̀rọ omi lè máa dán gbinrin lẹ́nu ọ̀nà, kí omi Asẹ́jírẹ́ má sì sí nínú páìpù. Bí wọ́n bá ri òpó kejì bí Bàbá ṣe fẹ́, tí wọ́n sì so ó mọ́ ìlà korobá kan náà, omi kò ní pọ̀ sí i.

Níbo wá ni omi ti ń bọ̀? Láti òkun ni. Etíkun Èkó ni àwọn wáyà ńlá ti gúnlẹ̀: SAT-3 ló ti wà tipẹ́, Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010, WACS tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2012, Equiano sì gúnlẹ̀ lọ́dún 2022. MainOne nìkan gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí dé Èkó. Nínú wáyà bẹ́ẹ̀, okùn gíláàsì tí kò nípọn ju irun orí lọ ló wà, ìmọ́lẹ̀ sì ni ohun tó ń sáré nínú rẹ̀, nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó, fáíbà orí ilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títì wá sí Ìbàdàn, ó sì tún ń lọ sókè.

Bó bá jẹ́ pé sátẹ́láìtì ló ń gbé e wá fún wa ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ì bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, wáyà mẹ́rin ló bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kò sí sátẹ́láìtì tó já bọ́, ojú ọ̀run mọ́ roro. Síbẹ̀, áàpù báńkì kò ṣí, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí ìgbín láti Èkó dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Mo rántí ìyá oní-POS kan ní ọjà Bódìjà tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè sójú oòrùn, bóyá nẹ́tíwọ̀kì á bà lé e. Nǹkan tó já wà nísàlẹ̀ òkun, lọ́nà jíjìn réré.

Sátẹ́láìtì ńkọ́? Ó níṣẹ́ tó ń ṣe, a ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. NigComSat-1 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan bà jẹ́ lọ́dún 2008, wọ́n sì yin NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Irú sátẹ́láìtì yìí jìnnà sí wa tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Ìbéèrè tó bá ti ọwọ́ yín jáde á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, èsì náà á tún gòkè, á tún sọ̀kalẹ̀. Ìrìn àjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 144,000 kìlómítà, ó sì ń gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ohunkóhun tó dé. Fáíbà láti Èkó dé Pọtogí lálọ àtàbọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá ti bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà sọ̀rọ̀ lórí fídíò, tí ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní ń gun ti ẹnì kejì, mọ ohun tí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lè bà jẹ́.

Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ni ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ kò ga jù, nǹkan bí 550 kìlómítà, ìdí nìyẹn tó fi yá. Ẹni tó dá oko sí ibi tí títì ò dé, kó rà á bó bá lágbára rẹ̀. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò kan náà ló jọ ń pín ohun tí sátẹ́láìtì orí wọn lè gbé. Nígbà tó di apá ìparí ọdún 2024, ó ti kún láwọn ibì kan nílùú Èkó, wọn ò gba oníbàárà tuntun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sátẹ́láìtì yẹn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan nínú ikùn. Ibùdó orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á, fáíbà ló sì wọ ibùdó náà.

Ohun tó dùn mí nínú ìgbàgbọ́ pé òkè ló ti ń wá ni ìyà tó ń fi jẹ wáyà inú ilẹ̀. Nítorí ẹni tó gbà pé wáyà iná ni yóò rò pé kọ́pà wà nínú rẹ̀. Wọ́n á hú u lóru, wọ́n á gé e, wọ́n á sì bá gíláàsì tín-ín-tín tí oní-páńda kankan kò ní fi kọ́bọ̀ rà. Mo ti mú gígé kan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí: rọ́bà dúdú níta, okùn aláwọ̀ oríṣiríṣi nínú, kò sí kọ́pà tó tó orí abẹ́rẹ́. Láti tún un ṣe, òṣìṣẹ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, á máa fi ẹ̀rọ jó okùn náà pọ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń so irun mọ́ irun, ó sì lè jẹ́ okùn 48 tàbí 96. Katakata tó ń la títì náà ń já a, iná ìgbẹ́ ń jó èyí tí wọn ò rì jìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ àwọn ohun èlò wọ̀nyí di dúkìá pàtàkì fún orílẹ̀-èdè. Àṣẹ náà dára, àmọ́ Abújà ló wà, ṣọ́bìrì sì wà lọ́wọ́ ará abúlé.

Owó ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, yóò sanwó fún ìjọba ìpínlẹ̀, mítà mítà ni wọ́n sì ń kà á. Lọ́dún 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò sí ₦145 fún mítà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn kọ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kìlómítà 20 ní ₦145 jẹ́ ₦2,900,000. Bó bá jẹ́ ₦1,000 ni wọ́n gbà lórí mítà, ó di ₦20,000,000, kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà sókè. Abúlé tí ilé rẹ̀ kò ju ogójì lọ, ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí? Ètò ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 ní kí ìgbèríko ní ó kéré tán 10 Mbps, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yá tó, kí ìlú ńlá ní 25, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó yá sì kárí dé 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 2025 dé ìdajì, a kò tí ì dé 50. Èyí ló bí ètò tuntun tí wọ́n pè ní Project BRIDGE, tó fẹ́ tẹ́ fáíbà 90,000 kìlómítà kún nǹkan bí 35,000 tó ti wà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìjọba kò sọ pé òun fẹ́ yin sátẹ́láìtì mẹ́wàá. Kòtò ni wọ́n fẹ́ gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù o, òun gan-an ni mo fi padà lọ bá Bàbá lábẹ́ igi ọdán lọ́jọ́ kejì. Fáíbà lè gba iwájú ilé èèyàn kọjá kó má ṣe é láǹfààní kankan. Bàbá mọ̀ ọ́n nínú ọ̀ràn iná: wáyà háítẹ́nṣàn ń gba orí oko wọn kọjá, àtùpà sì ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́, torí kò sí tiransifọ́mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáíbà. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti máa yọ, kí wọ́n so ó mọ́ òpó abúlé tàbí kí wọ́n fà á wọ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn.

Bàbá kò sọ pé mo jàre. Wọ́n kàn dìde, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n rìn lọ bá ọ̀gá àwọn agbẹ́lẹ̀ létí títì.

“Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́. Níbo ni wáyà yín yìí ń lọ?”

“Ìṣéyìn ni, Bàbá.”

“Ní abúlé tiwa ńbí, ibo ló ti máa yọ?”

Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa, Bàbá.”

“Ta ló kọ ìwé ọ̀hún?”

Wọ́n ní kí n mú fóònù mi wá, kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.