Owó ìkọ́lé àti àtúnṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì

Owó ìkọ́lé àti àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ni owó tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì tuntun, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ òrùlé tó ń jò, tí wọ́n sì fi ń tún ohun tó ti gbó ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti Ìjọ Àgùdà. Ó yàtọ̀ sí owó oṣù olùkọ́ àti owó ìwé. Níbi tí ìjọba ti ń san owó olùkọ́ pàápàá, ẹni tó ni ilé ni wọ́n sábà máa ń wò lójú bí ògiri bá là. Ẹsẹ̀ 800 nínú ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 gbé e lé àwọn ọmọ ìjọ lọ́wọ́ pé kí wọ́n ṣèrànwọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti láti máa tọ́jú rẹ̀, bí agbára wọn bá ṣe mọ.

Ní England, wọ́n pín ẹrù náà sí méjì. Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1944 dá irú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní voluntary aided sílẹ̀: ìjọba ń san owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́, àmọ́ ilé wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú dúkìá dáyósíìsì tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn sísítà. Nítorí pé Ìjọ kò jọ̀wọ́ ilé, ó gbà láti dá sí owó rẹ̀. Ìdajì owó àtúnṣe ni ìjọba kọ́kọ́ ń san. Ó di ìdá 75 nínú 100 lọ́dún 1959, ó di 80 lọ́dún 1967, ó di 85 lọ́dún 1975, ó sì di 90 lọ́dún 2002. Ìdá 10 tó kù wà lọ́rùn ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ẹ̀kọ́.

Ìdá 10 kéré létí, kò kéré lápò. Òrùlé tó bá máa gba 200,000 pọ́ùn, ìgbìmọ̀ ní láti wá 20,000 nínú rẹ̀. Àwọn dáyósíìsì kan máa ń bu iye kan lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí owó má bàa jẹ́ ohun tí wọ́n ń sáré wá lọ́jọ́ tí òjò bá wọlé. Wọ́n lè kọ̀wé sí òbí pé kí ó dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi túláàsì gbà á, wọn kò sì lè torí rẹ̀ kọ ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti di academy, ìyẹn èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún lówó ní tààràtà, kì í san ìdá 10 yìí.

Ní Scotland, òfin ọdún 1918 ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: Ìjọ tà tàbí fi ilé rẹ̀ yá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀, ẹ̀kọ́ ìsìn kò sì kúrò níbẹ̀. Bí páìpù bá bẹ́, ìjọba ló ń ṣe é.

Ní Ọsirélíà, ilé ìyàgbẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́dún 1962, àwọn aláṣẹ ìlera ní kí ilé-ẹ̀kọ́ Our Lady of Mercy ní ìlú Goulburn, ní New South Wales, kọ́ ilé ìyàgbẹ́ mẹ́ta sí i. Owó kò sí, ìjọba kì í sì í dá sí ilé tí Ìjọ kọ́. Àwọn òbí pàdé nínú oṣù Keje, wọ́n pinnu pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ìlú náà tilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Keje, wọ́n kó ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pé kí wọ́n gbà wọ́n. Nínú nǹkan bí 2,000 ọmọ, ó lé díẹ̀ ní 600 tó ráyè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti hàn sí gbogbo èèyàn pé ìjọba kò ní ibi tí yóò kó àwọn tó kù sí. Lọ́dún 1963, Olórí Ìjọba Robert Menzies ṣèlérí mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ́dún fún yàrá sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Wọ́n gbé irú ìrànwọ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ gíga fọwọ́ sí i lọ́dún 1981.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíì. Lọ́dún 1884, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Baltimore, wọ́n ní kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láàárín ọdún méjì, owó ọmọ ìjọ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ilé náà gbó, ìpínlẹ̀ New York ṣòfin lọ́dún 1972 pé òun yóò máa fi 30 dọ́là lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣèrànwọ́ àtúnṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà láàárín àwọn aláìní, 40 dọ́là bí ilé bá ti lé ní ọdún 25. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e lọ́dún 1973, nítorí pé kò sí ohun tó dènà kí wọ́n fi owó ìjọba tún yàrá tí wọ́n ti ń gbàdúrà ṣe.