Ta ló pa aráyé, Caesar tàbí oògùn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fíìmù ìnàkí mẹ́ta

Ẹ kó olólùfẹ́ Planet of the Apes mẹ́ta jọ sínú yàrá kan. Kí gúgúrú tó tán nínú àwo, iyàn á ti bẹ́ sílẹ̀. Fíìmù tí mò ń sọ ni Rise (2011), Dawn (2014) àti War (2017), ìtàn ìnàkí kan tó ń jẹ́ Caesar, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ títí di ọjọ́ tó kú. Rupert Wyatt ló darí àkọ́kọ́, Matt Reeves ló darí méjì tó kù. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n kó ṣọ́ra o, mi ò ní fi ikú ẹnikẹ́ni pamọ́ níbí.

Ohun kan tún wà ká tó bẹ̀rẹ̀: ìnàkí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀bọ. Ọ̀bọ nírù, ìnàkí ò nírù. Nínú àwọn fíìmù àtijọ́, ẹni tó bá pe ìnàkí ní ọ̀bọ ń wá ìjà ni. Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí àwa náà kì í gbà kí wọ́n pè wá bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n jáde, ẹ má tẹ̀ lé orúkọ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ Dawn á rò pé òun ló ṣáájú, torí àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń ṣáájú kí oòrùn tó yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rise ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé àwọn mẹ́ta yìí ló bí Planet of the Apes àkọ́kọ́, ti 1968?

Rárá o, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀.

Nínú ti 1968, tí Franklin J. Schaffner darí, Taylor (Charlton Heston) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú sánmà balẹ̀ síbì kan tí ìnàkí ti ń jọba lórí ènìyàn. Aago inú ọkọ̀ ń ka ọdún 3978. Taylor rò pé ayé mìíràn ni, àfi ìgbà tó dé etí òkun tó rí ère Òmìnira ìlú New York tí yanrìn ti bò dé àyà. Ayé wa yìí náà ni. Bọ́ǹbù ni ènìyàn fi bà á jẹ́. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ìnàkí ọ̀mọ̀wé méjì, Cornelius àti Zira, sá padà wá sí ìgbà tiwa, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọmọ yẹn ni Caesar àtijọ́, òun ló sì kó àwọn ìnàkí jáde lóko ẹrú ní 1991. Ẹ bá mi ro ó: àwọn òbí wá láti ọjọ́ iwájú láti bí ọmọ tó dá ọjọ́ iwájú yẹn sílẹ̀. Ẹyin ló kọ́kọ́ wà ni, àbí adìyẹ?

Rise da gbogbo ìyẹn nù. Inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú ìyá Caesar yìí, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwádìí oògùn kan ní San Francisco. Oògùn tí wọ́n fún un ló wọ inú oyún rẹ̀. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń rin ìrìn àjò láàárín ọdún.

Kí ló wá ń da èèyàn láàmú? Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀hún ń ṣẹ́jú sí wa ni. Bright Eyes lorúkọ ìyá Caesar, orúkọ tí Zira fún Taylor ní 1968 sì nìyẹn. Ọmọkùnrin oníwà ìkà tó ń ṣọ́ ilé ìtọ́jú ìnàkí ń jẹ́ Dodge Landon. Dodge àti Landon lorúkọ àwọn méjì tí wọ́n jọ wọkọ̀ pẹ̀lú Taylor. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Icarus. Nínú Rise, ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ń sọ lẹ́yìn pé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Icarus ti gbéra lọ sí Mars. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn kan ń béèrè bóyá ó ti sọnù. A ò tilẹ̀ dárúkọ ọkọ̀ Taylor rárá nínú fíìmù 1968. Àwọn olólùfẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn fúnra wọn, ọdún gorí ọdún, ó wá di ti fíìmù.

Nova, ọmọbìnrin kan, àti Cornelius, ọmọ Caesar, inú War ńkọ́? Orúkọ ni wọ́n jẹ́ mọ́ àwọn ti àtijọ́. Ó ku nǹkan bí ẹgbàá ọdún kí Taylor tó dé, èèyàn kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn kan ṣoṣo, báwo ló ṣe ń la ìnàkí lójú tó sì ń pa ènìyàn?

Will Rodman ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé ìwádìí yẹn tó tọ́ Caesar dàgbà. Bàbá rẹ̀ ti ń ṣarán, àrùn Alzheimer ń jẹ iyè rẹ̀. Will ṣe oògùn kan, ALZ-112, tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń gbé wọ ọpọlọ. Bàbá náà jí pépé, ó tún jókòó sídìí dùùrù, àmọ́ nígbà tó yá ara rẹ̀ kọ́ bó ṣe lè bá kòkòrò náà jà, àìsàn sì padà wá. Ni Will bá ṣe èyí tó le jù, ALZ-113, tí èèyàn ń fà símú. Ara ìnàkí gbà á. Ara ènìyàn ò gbà á, ó di àrùn tó ń ràn kiri tó sì ń pa wọ́n. Kí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì gbé ìwòsàn wọ ara kì í ṣe àròsọ, àwọn dókítà ń ṣe é lónìí. Kí ìnàkí jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kó sì di amòye ni àròsọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dá Caesar lẹ́bi àjàkálẹ̀ yìí. Lóòótọ́ ó jí agolo oògùn nílé Will, ó sì tú u sáàárín àwọn ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kan, Franklin, ló kọ́kọ́ fà á símú nígbà tí ìbòjú rẹ̀ ṣí. Franklin wá Will lọ sílé, kò bá a, ó sín ẹ̀jẹ̀ sára ará àdúgbò kan. Awakọ̀ bàálù ni ará àdúgbò yẹn. Ẹni tó bá tètè jáde kúrò ní sinimá ò rí i: awakọ̀ náà wọṣọ iṣẹ́, ó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀jẹ̀ kán nímú rẹ̀ sílẹ̀ tó! Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí àwòrán ayé, láti ìlú kan sí òmíràn. Ibẹ̀ ni ayé ti parí, kò sí ìnàkí kankan nítòsí.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń ya odi nínú War?

Kòkòrò náà ti yí padà lára àwọn tó ṣẹ́kù. Kò pa wọ́n mọ́, ohùn ló ń gbà lọ́wọ́ wọn, tòun ti làákàyè. Ẹ rántí Rise: Dodge gbé ọ̀pá oníná sókè láti fi lu Caesar, Caesar di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dìde dúró, ó sì ké “Rárá!” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ìnàkí. Nínú War, Ọ̀gágun tó ń bá àwọn ìnàkí jagun, tó pa ọmọ ara rẹ̀ nítorí pé ọmọ náà yadi wà lórí ibùsùn, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọmọláńgidi Nova, ọmọbìnrin kékeré tó yadi, ló kó o ràn án. Caesar na ìbọn sí Ọ̀gágun, kò yìn ín. Ọ̀gágun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ṣé ìnàkí lè sọ̀rọ̀ ní tòótọ́?

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, tọkọtaya Hayes ní Amẹ́ríkà mú ọmọ ìnàkí kan, Viki, tọ́ nílé bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ló rí sọ, tipátipá. Láti 1966 ni àwọn Gardner ti fi èdè ọwọ́ kọ́ Washoe, ìyẹn sì ṣe dáadáa jù ú lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí ọ̀fun ọ̀bọ sọ pé ọ̀fun kọ́ ni ìṣòro, ọpọlọ ni. Nítorí náà, bí oògùn Will ṣe dojú kọ ọpọlọ bá ìwádìí mu.

Ṣé Caesar rú òfin ara rẹ̀ nígbà tó jẹ́ kí Koba já bọ́?

Ibí ni ohùn ti máa ń lọ sókè. Lójú tèmi, ó rú u.

Òfin tí wọ́n kọ sára òkúta nínú Dawn ṣe kedere: ìnàkí kì í pa ìnàkí. Koba, ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi ṣe ìdánwò nílé ìwádìí, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ó yìnbọn fún Caesar, ó purọ́ pé ènìyàn ló yìn ín, ó sì ju ọ̀dọ́mọkùnrin Ash sílẹ̀ láti òkè nítorí pé kò gbà láti pa ènìyàn tí kò níbọn. Nígbà tí òun náà wá ń rọ̀ dirodiro lórí ilé gogoro, ó rántí òfin: “Ìnàkí kì í pa ìnàkí.” Caesar wò ó lójú, ó ní, “Ìwọ kì í ṣe ìnàkí.” Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n ẹnu nìyẹn. Kó tó pa á, ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí. Ohun tí àwọn ará ilé ìwádìí ṣe fún Koba náà ni, òun náà sì ni Ọ̀gágun ń ṣe fún àwọn odi. Ọkàn Caesar mọ̀ ọ́n, torí nínú War, ojú àlá ló ti ń rí Koba. Ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún Winter, ìnàkí tó dalẹ̀ wọn, lọ́rùn pa. Maurice, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ìnàkí, sọ fún un pé ó ti ń dún bíi Koba.

Ẹ má sì sọ Koba di ẹni burúkú lásán. Nígbà tí Caesar ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe iṣẹ́ ènìyàn wọn nídìí dáàmù tí wọ́n fẹ́ fi tan iná mànàmáná, Koba na ìka sí àpá kan lára rẹ̀: “Iṣẹ́ ènìyàn.” Ó na ìka sí òmíràn: “Iṣẹ́ ènìyàn.” Ó tún na án sí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó ń ṣọ́ ìbọn, ó ṣe bí ìnàkí eléré: ó yọ ahọ́n, ó yí gbirigbiri nílẹ̀, ó gba ìgò ọtí lọ́wọ́ wọn, ó mu. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó mọ̀, ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tí ènìyàn fẹ́ rí lára ìnàkí.

Ṣé ìnàkí gidi ni wọ́n lò?

Kò sí ẹyọ kan. Òṣèré Andy Serkis wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, wọ́n tò àmì kéékèèké sójú rẹ̀, kámẹ́rà kan dojú kọ ọ́ láti orí, ilé iṣẹ́ Wētā Digital ní New Zealand sì fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di Caesar. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ àrà ojú fíìmù. Kò sí èyí tó gbà á. Wọn ò tilẹ̀ yan Serkis gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Títí di òní inú ṣì ń bí mi.

Kingdom (2024) ńkọ́?

Ìtàn tuntun ni, Wes Ball ló darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìran lẹ́yìn ikú Caesar. Létí adágún níparí War, Maurice, tó ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti Rise, la ẹnu, ó ṣèlérí fún Caesar pé ọmọ rẹ̀ á mọ irú ẹni tí bàbá òun jẹ́. Nínú Kingdom, ọ̀dọ́ ìnàkí tó ń jẹ́ Noa ò gbọ́ orúkọ Caesar rí. Ìnàkí mìíràn ló wá sọ ara rẹ̀ di Caesar. Ó ń ké pé ìnàkí lágbára tí wọ́n bá wà pa pọ̀, ó sì fi àwọn ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹrú.